Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Nígbà tí ọ̀dà ara ilé Fẹ́sítáàkì ò tíì ṣí, mo jókòó ní Kuje tó wà nítòsí ibẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń tún ìbọn ọdẹ ṣe, mo ní kó bá mi pọ́n àdá, ni obìnrin kan gbé ìbọn bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wọlé.

"Bàbá, ẹ bá mi gé irin ẹnu rẹ̀ kúrú. Ọdẹ kan ní Agboju fẹ́ rà á, ó ní ó wúwo jù."

Bàbá náà gbé e lọ́wọ́, ó yí i wò síwá sẹ́yìn. "Ìbọn yìí ò pa ẹran rí. Ìbọn ìdíje ni, àmì orí bébà ni wọ́n ń yìn ín sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wúwo ni, kó má baà gbọ̀n. Kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wọn ẹnì kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbẹ́ igi ìdí rẹ̀, bíi télọ̀. Wo ibi tí wọ́n gbẹ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá rẹ."

"Rárá o, sà! Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi kọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìntì."

"Gbé e lé èjìká òsì."

Ó gbé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọnú igi náà wẹ́kú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ìyá wọn máa ń sọ ọ́, pé àwọn fi ọ̀já so ọwọ́ òsì wọn ní kékeré."

"Ẹni tó gbẹ́ igi yìí ló tú u."

Mo gbàgbé àdá mi. Bàbá fi aṣọ nu ìbọn náà, ó nà án padà sí i. Obìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún.

"Rárá, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Fọwọ́ òsì gbà á."