Ohun Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ìran Àbúrò Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò rí òtítọ́ kankan tó ń lé mi. Ara mi ló rẹ̀ mí. Láti ọjọ́ Àìkú ni àbúrò ọkọ mi ti ń gbààwẹ̀, pé kí Ọlọ́run fi ẹ̀ṣẹ̀ òun han òun. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, mo jẹ́ tíṣà ní Igbó-Ọrà. Mo bí ìbejì, bí obìnrin ìlú wa ṣe ń bí wọn. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń tọ́jú wọn. Bí Táyé bá wà lẹ́yìn rẹ̀, Kẹ́hìndé á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi á wọ bàtà, ó di iléèwé.

Kápẹ́ńtà kan wá láti Èrúwà, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ìdílẹ̀kẹ̀ náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n níjọ wa, a kì í gbéyàwó láìbéèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá aríran wa kò mọ̀wé. Bí ẹ̀mí bá gbé e, á máa sọ̀rọ̀, akọ̀wé á máa kọ ọ́ sínú ìwé ìran. Bó bá ti padà bọ̀ sípò, kì í rántí nǹkan kan. Èmi ni akọ̀wé. Àwa méjì nìkan ló wà ní yàrá àdúrà.

Ìyá ní, "Kí ó máa lọ. Ilé ayọ̀ ni." Mo gbọ́ ọ kedere. Mo ronú pé ta ni yóò wá máa pọn àwọn ọmọ mi. Mo wá kọ ọ́ pé: "Kì í ṣe ọkùnrin yìí. Kí ó dúró nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi Olúwa yóò fi ọkọ tirẹ̀ hàn án." Èmi náà ni mo kà á fún Ìdílẹ̀kẹ̀, torí òun náà kò mọ̀wé.

Ó sunkún. Ó nu ojú, ó ní, "Ìyàwó mi, Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe." Ó pọn Kẹ́hìndé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kápẹ́ńtà yìí padà wá bẹ̀ ẹ́. Ìdílẹ̀kẹ̀ lé e. Ọmọ márùn-ún ni ẹlòmíràn ti bí fún ọkùnrin náà báyìí. Àwọn kan tún wá láti Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, ó ní Ọlọ́run kò tíì fi wọ́n han òun. Èmi tí mo ṣe é yìí, bí inú bá bí mi, mo máa ń bú u pé kò rí ọkọ fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Àwọn ìbejì ti wà ní girama. Ìyá aríran ti kú. Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan.

Lánàá mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá a, pé kó ṣínu. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, èmi ni mo ṣẹ Ọlọ́run. Òun kì í purọ́." Mo gbé ẹ̀kọ mi padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mi ò bá sọ, á máa febi pa ara rẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Bí mo bá sọ, á mọ̀ pé èmi ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe Ọlọ́run. Mo ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ọmọ. Ọlọ́run nìkan ló kù fún un. Ṣé kí n tún lọ gba ìyẹn?