Ọkọ̀ Mi Gbéra Nílẹ̀ Níbi Tí Mo Ti Ń Gbàdúrà

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọkọ̀ mi sí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba máìkì lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ tèmi ò kúrú.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Orúnkún dá mi jókòó sílé, mi ò rí owó tí mo fi ra ọkọ̀ san fóṣù méjì. Báǹkì tó yá mi lówó ọkọ̀ náà ń pè, èmi náà ń wo fóònù níran. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yẹn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Nínú ilé alájà tí mò ń gbé ní Adelphi, Ms. Dorothy ló ń gbé nísàlẹ̀ mi. Tí mo bá ti ń gbàdúrà, á máa fi igi gbá àjà. Nígbà tó yá, ó lọ fẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì àwọn tó ni ilé. Ni mo bá kó àdúrà mi lọ sínú ọkọ̀. Orúnkún ti sàn, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́; láràárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú ọkọ̀, níbi ìjókòó ẹ̀yìn, ni mo máa ń kúnlẹ̀ sí, tí mo máa fi ìborùn borí. Ọ̀tá wo ni mò ń gbàdúrà lé lórí? Ms. Dorothy náà ni.

Ní Tuesday, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ ni ọkọ̀ bá gbéra nílẹ̀. Mo rò pé ìgbàsókè ti dé. Mo kígbe pé, "Jésù, mo ti ṣe tán!" Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò tíì dárí ji Ms. Dorothy, ni ẹ̀rù bá bà mí.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Àṣé ọkùnrin kan tó ń bá báǹkì fi ọkọ̀ ńlá wọ́ ọkọ̀ onígbèsè ni. Bí ọkùnrin náà ṣe rí mi, ó pariwo ju tèmi lọ. Mo ní mi ò sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì gbà kó gbé e. Ó rọra gbé wa sílẹ̀.

Ó ní, "Ma'am, òfin ò jẹ́ kí n fipá gbé ọkọ̀ tí èèyàn wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ pe báǹkì o, wọ́n lè lọ sí kóòtù."

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Àṣé wọ́n ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n sún owó oṣù méjèèjì sí ìparí gbèsè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún fóònù báǹkì, ẹ gbé e. Kódà tí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ lọ, ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà kí wọ́n tó tà á, tiyín sì ni ẹrù inú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ bá mi rò ó. Ká ní Ms. Dorothy ò lé mi jáde ni, orí bẹ́ẹ̀dì ni ǹ bá wà, ọkọ̀ á sì ti lọ. Mo ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ọ̀tá mi, mo sì pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Òun ló jókòó lẹ́yìn yẹn, tó fọwọ́ di etí. Ẹ bá mi fògo fún Jésù, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra pariwo.