Ìtàkùn Wúrà Tí Kì Í Ṣe Ìtàkùn

Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ̀yin tí èéfín ti pọ́n lójú kí n tó mọ iná dá, mo júbà. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin tó ń wá wúrà àtijọ́ kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù, ẹ káàbọ̀. Ìwọ ọmọ àbúrò mi tó ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, mo rí ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ mí.

Ìwé mi kò ju kíláàsì kejì lọ. Bàbá mi ní ọwọ́ obìnrin kì í gbé òòlù. Mo gbé e. Ẹ̀yin àgbà wọ̀nyí ní iná á jó mi. Ó jó mi lóòótọ́, mi ò ṣáà lọ. Lónìí ẹ fún mi ní àwo ẹ̀yẹ nítorí ẹ̀gbà ọrùn kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìtàkùn. Òun ló wà lọ́rùn ìyàwó alága yìí. Ó yẹ wọ́n. Ojú ń tì mí láti wò ó.

Ara ògiri ọgbà mẹkáníìkì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa ni mo ti rí i. Páńtà tó ń kun mọ́tò níbẹ̀ fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù ya nǹkan sí i, ó lọ́, ó wé, ó sanra níbi tó yẹ kó sanra. Mo jókòó tì í pẹ̀lú wáyà bàbà, mo ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e. Mo rò pé ìtàkùn ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ojú páńtà yẹn ló rí i, n kò sì sọ ọ́ fún oníbàárà kankan rí. Àwọn obìnrin ńlá gbé e sọ́rùn. Adájọ́ kan wọ̀ ọ́ jókòó ní kóòtù.

Obìnrin kan wà tó ń bá mi dán wúrà nígbà náà, tó ń nù ún títí á fi máa kọ mànà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀sọ̀. Ta ni nínú yín tí kò mọ dídán ọwọ́ rẹ̀? Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀gbà náà sójú ìmọ́lẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtàkùn kọ́ nìyí o. Lẹ́tà ni wọ́n so mọ́ra. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, 'Má tọ̀ síbí.'"

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, nítorí èyí tó kù kò pa ni lẹ́rìn-ín.

Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo sọdá títì lọ bi páńtà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá òun ló ní kí òun kọ ọ́ nítorí àwọn ọkùnrin tó sọ ògiri di ilé ìtọ̀. Òun kàn ní bí òun bá máa kọ ọ́, kó dáa lójú. Nítorí náà, mo mọ̀. Ǹ bá bá wọn rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìgbéraga mi wúwo ju òòlù mi lọ. Ẹ̀rù bà mí pé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀sọ̀ á sọ fún oníbàárà, mo lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ bi mí ní ìdí rẹ̀, kí ni mo sọ? Mo ní ó ń kó eruku wúrà pamọ́ sábẹ́ èékánná.

Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún adánwúrà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó tún jẹ́ kó fọwọ́ kan wúrà. Ó lọ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ aláṣọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo jókòó lé òtítọ́ lórí.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀sọ̀ wà níbí. Ọmọ àbúrò mi ló lọ pè é. Ó ní òun á wá nítorí ọmọ náà, kì í ṣe nítorí mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀sọ̀, àbúrò mi, mi ò ní sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Iṣẹ́ ẹnu mi ni. Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi níṣojú rẹ̀: kò jí eruku kankan. Mo purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ gba àwo yín padà, òun nìyẹn lórí tábìlì.

Àbúrò mi, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Mo lágídí, ṣùgbọ́n ojú mi kò le tó ìyẹn. Ọmọ yìí ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní dídán. Bí ó bá wù ọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Bí kò bá wù ọ́, ọwọ́ rẹ ṣáà ti mọ́ lójú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iná yín kò ní kú. Wúrà kò ní yọ́ dànù mọ́ yín lọ́wọ́. Ojú yín kò ní ṣáájú ọwọ́ yín rẹ̀. Kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹnu wa ba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ ṣé o.