Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìwọ̀n Pe Ẹlẹ́po Lólè

Nígbà tí ara mi ṣì le koko, tí mo ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlo-Awẹ́là lọ síbi iṣẹ́ ní Sango kí oòrùn tó yọ, èmi ni mo kọ́kọ́ dúró nídìí ìwọ̀n ńlá ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa. Ẹ gbọ́ o. Èmi yìí. Kì í ṣe pé mo kàwé ju àwọn yòókù lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi dúró. Ṣùgbọ́n mo ní ìwé kékeré kan nínú àpò, ohunkóhun tí mo bá rí, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀...

Bọ́lá, ìwọ tó o gbé ìwọ̀n kékeré yẹn sórí tábìlì, tó o ń wọn fúláwà kéèkì. Ẹ̀yin ẹ tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà á tàn. Láyé tiwa ńkọ́? Kóńgò ni. Gààrí, kóńgò. Ẹ̀wà, kóńgò. Ẹni tó ń tà á á kó o jọ títí orí rẹ̀ á fi ṣe ṣóńṣó, ẹni tó ń rà á á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu kóńgò kó má baà ya lulẹ̀. Ta ló béèrè kílò? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Epo pupa tó ń wọ ilé-iṣẹ́ wa náà, kẹ́ẹ̀gì la fi ń kà á. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣé ó kún dé ẹnu? Ó kún. Ó parí. Àfìgbà tí ọ̀gá wa ra ìwọ̀n tuntun, tó ní láti ọjọ́ kejì lọ, kílò la ó máa fi gba epo.

Ọkùnrin tó wá gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀ bu omi lítà kan, ó gbé e sórí ẹ̀, ó yọ ìwúwo ike kúrò, ó kù kílò kan gééré. Ó bu lítà méjì, kílò méjì. Lítà márùn-ún, kílò márùn-ún. Háà, inú mi dùn, bí ẹni tí wọ́n ṣí ìdí ayé hàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: lítà kan, kílò kan. Mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ilẹ̀ mọ́. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ìyá Ìpókíá. Kò sí ẹlẹ́po tó ti ń kó epo fún wa pẹ́ tó o. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ló gbé wá. Mo gbé àkọ́kọ́ sórí ìwọ̀n, mo yọ ìwúwo kẹ́ẹ̀gì kúrò. Kò pé kílò mẹ́tàlélógún. Mo gbé ìkejì. Bákan náà. Ìkẹta... títí dé ìkẹjọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, epo yín kò pé."

Ó ní, "Kò pé báwo? Wo ẹnu rẹ̀. Tí mo bá fi ẹ̀kán kan kún un, á dà sílẹ̀."

"Ìwọ̀n kì í purọ́, Màmá. Ó lé ní kílò méjì tó sọnù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ó sọnù síbo? Ṣé mo mu ún ni?"

Àwọn agbẹ́rù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọṣẹ́. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń jí epo ilé-iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n ni kò sí."

Ọ̀gá jáde láti inú ọ́fíìsì, ó gbọ́, ó ní kí obìnrin náà má wọ ọgbà wa mọ́. Ìyá Ìpókíá kò pariwo. Ó jókòó lé ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ọkùnrin tó gbé ìwọ̀n wá ni."

"Kí ló fi kọ́ ẹ?"

"Omi."

"Omi." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Èmi ńkọ́, ṣé omi ni mo gbé wá?"

"Epo ni, Màmá."

"Ìyàwó ẹ ń sebẹ̀ nílé?"

"Ó ń sè é, Màmá."

"Tó bá sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, níbo ni epo máa ń wà?"

"Lókè."

"Ta ló gbé e dókè? Ṣé àkàsọ̀ ló gùn ni?"

Mo bojú wo ìwé mi. Nọ́ńbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọra bí ìbejì. Olè wo ló lè bu iye kan náà kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ láìní ìwọ̀n lọ́wọ́? Ọ̀gá alára ní ká dán an wò. A da epo kẹ́ẹ̀gì kan sínú àgbá, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a pọn omi ẹ̀rọ sí i dé ẹnu. Mo gbé e sórí ìwọ̀n. Mo yọ ìwúwo kẹ́ẹ̀gì kúrò, ó kù kílò márùndínlọ́gbọ̀n gééré, kò yẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan náà o. Omi wúwo, epo fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n tó gbàgbé. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò sinmi mọ́. Mo mú agolo mílíìkì kan láti ilé. Mo rọ iyanrìn sí i, mo wọ̀n ọ́n. Mo bu iyọ̀ sí i. Mo bu gààrí. Èlùbọ́. Eérú ààrò. Agolo kan náà, ó kún bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tirẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe dùn mọ́ mi tó. Àní gààrí nìkan, tí mo bá gbọn agolo, á rọlẹ̀, á tún gba sí i. Ìyá ìyá yín ní, "Ó ku kó o gbé èmi náà sórí ẹ̀." Mo ní kò sí agolo tó gbà á. Kò fún mi lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà. Ọ̀gá ní, "Ó ti yanjú. Màmá, ẹ kó epo yín wọlé."

Ìyá kò dìde. Ó ní, "Kò tíì yanjú. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ ti jáde ní gééti. Ta ló máa lọ mú un wá?"

Òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́rù ti sáré dé ìsọ̀ ẹlẹ́po. Àwọn ẹlẹ́po ìgbà náà sì ní òfin kan. Ẹni tí wọ́n bá pè lólè nítorí òṣùwọ̀n, wọ́n á dojú àpótí ìjókòó rẹ̀ délẹ̀. Kò ní jókòó tajà láàárín wọn mọ́, àfi tí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Mo tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ la fi rìn, nínú oòrùn. Nígbà tí a débẹ̀, àpótí rẹ̀ ti dojú bolẹ̀, wọ́n ti ti àwọn òfìfo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kákí ilé-iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ní, "Epo Ìyá pé. Èmi ni n kò mọ ìwọ̀n."

Olórí wọn ní, "A ò gbọ́."

Mo tún un sọ.

Ó ní, "Wọ́n ní ohùn ẹ ga jù báyìí lọ láàárọ̀."

Mo pariwo ẹ̀ títí àwọn tó ń kọjá lọ fi dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kí n dìde. Mo fi ọwọ́ ara mi yí àpótí náà padà, mo fi aṣọ mi nù ún. Ìyá Ìpókíá jókòó. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ó kù díẹ̀ kó o mọṣẹ́." Ó kó epo wá fún wa títí ó fi darúgbó.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tèmi, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ẹsẹ̀ ni mo fi bá a. Lónìí ńkọ́? Ẹ ó tẹ "olè" sórí fóònù ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, kí ẹ tó pajú dé, ó ti dé Àgbárá, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Tó bá wá já sí pé ẹ̀yin lẹ ṣìnà... ìsọ̀ wo lẹ fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ sí?