Ọlọ́run Kò Jẹ́ Kí N Fi Rùkáyà Sílẹ̀ Lọ

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run tóbi, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ gbé E tóbi fún mi, torí ohùn tèmi kò le tó bẹ́ẹ̀. Alhamdulillahi! Ọba tó ń gbọ́ ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa nínú àsàlátù yìí, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Nímọ́tà tó máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ìyá wa tó ń darí àwa obìnrin ló ní kí n kọ ẹ̀rí mi sílẹ̀ kí n máa kà á, nígbà tí wọ́n rí i pé ojú ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dákẹ́ láàárín, ẹ ní sùúrù fún mi.

Bàbá Rùkáyà kú nígbà tí oyún Rùkáyà ṣì wà nínú mi. Mọ́tò ló pa á lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Mo padà sí agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, sọ́dọ̀ ìyá mi, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ náà sí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, kíláàsì kẹta girama ni mo ti dúró. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ́kọ, mo ti kọ́ iṣẹ́ ọmọ títọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Òkè-Àdó, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé yẹn ni mo mú lọ bá Alhaja tó ni jẹ́léósinmi lẹ́yìn Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà'ba máa ń gbé ọmọ wọn sí láti àárọ̀. Alhaja gbà mí síṣẹ́. Wọ́n gba Rùkáyà náà mọ́ mi.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ọmọ kékeré kì í bi èèyàn pé kí ló dé tó ń dákẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ wa wá rìnrìn àjò lọ sílùú òyìnbó. Ibẹ̀ ló ti ránṣẹ́ sí mi pé jẹ́léósinmi tí ọmọ òun ń lọ ń wá òṣìṣẹ́, òun sì ti dárúkọ mi. Wọ́n fẹ́ gbà mí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, kí wọ́n sì bi mí léèrè iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ipò tí wọ́n máa gbà mí sí. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ fúnra rẹ̀, ó lè mú ọmọ tirẹ̀ dání lọ. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olùrànlọ́wọ́ lásán, òun nìkan ni yóò lọ.

Ẹ lè ní kí n kúkú jókòó sílé. Alhaja ti ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì ti sọ pé àwọn máa ti jẹ́léósinmi náà. N kò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ẹ tún lè ní kí n gbé ọmọ fún ìyá mi. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí wọn lọ, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣú. Dókítà sọ fún wa pé èyí tó ti lọ lára ojú náà kò ní í padà mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n da omi gbígbóná nù sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò mọ̀ pé Rùkáyà jókòó síbẹ̀. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ẹsẹ̀ ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé tí mo bá lọ láìmú un dání, ìròyìn burúkú nípa rẹ̀ ni mo lè gbọ́ lẹ́yìn odi.

Ọjọ́ ìbéèrè pé. Orí fóònù tó ń gbé àwòrán jáde la ti ṣe é, ní pálọ̀ Alhaja. Wọ́n ní kí ọ̀gá mi wà níbẹ̀. Alhaja jókòó lórí àga, mo jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì mi kò dán, ṣùgbọ́n obìnrin òyìnbó náà ń rọra sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ. Ó bi mí pé tí ara ọmọ bá gbóná, tí gìrì sì mú un, ta ló máa ń mójú tó o? Mo ní Alhaja ni. Ta ló ń pinnu oúnjẹ tí ọmọ máa jẹ? Alhaja ni. Ta ló ń sọ fún ìyá ọmọ tí nǹkan bá ṣe ọmọ? Alhaja ni. Ìwọ ńkọ́? Mo ní èmi kàn ń bá wọn gbé omi, mo ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọṣẹ́ kì í jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ kó máa ní èmi ni mo ṣe tibí, èmi ni mo ṣe tọ̀hún. Wọ́n á ní ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń dáhùn ni Alhaja ń mi orí, inú wọn dùn pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí orúnkún wọn kò ti jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí ọmọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tí wọ́n á máa ṣàdúrà fún un. Èmi ni mo ń ṣe ìyókù. Àwa méjèèjì kò mọ̀ pé a ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Nígbà tí èsì dé, Bọ̀dá Mùfú, àkọ́bí Alhaja, ló kà á fún mi. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní olùrànlọ́wọ́ ni mí, pé ẹnu èmi fúnra mi ni àwọn ti gbọ́ ọ pé ẹlòmíràn ló ń tọ́jú àwọn ọmọ. Wọ́n ní mo lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Alhaja rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Nímọ́tà, ẹ̀kọ́ ilé wa ti pọ̀ jù fún wọn." Wọ́n ní tí ó bá di ìgbà kejì, àwọn fúnra wọn ló máa sọ̀rọ̀.

Ìgbà kejì kò bá wọn láyé. Èémí wọn kàn ń kúrú sí i ni. A gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀. Wọn kò padà wálé. Kí Ọlọ́run fi alujanna kẹ́ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkùnkùn ṣú mi. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n gbé Rùkáyà fún àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, tí wọn kò bèèrè rẹ̀ rí. Ìyàwó ilé kan ní agboolé wa ní, "Ìwọ tí o kì í lè kí èèyàn kó dún, òyìnbó lo fẹ́ lọ bá ṣe àríyànjiyàn?" Ìyá mi ní kí n máa lọ, pé àwọn tó tọ́ èmi náà á tọ́ ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ náà kọjá ife lọ.

Ẹ̀rù tó bà mí jù kò ju èyí lọ: tí mo bá sọ báyìí pé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà, ó dà bíi pé mo ń jí nǹkan òkú. Alhaja kò sí níbẹ̀ láti ní irọ́ ni tàbí òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n parí àdúrà ọjọ́ kẹjọ Alhaja, Bọ̀dá Mùfú pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyá mi fi ọ̀rọ̀ kan rán mi sí ẹ ní ọsibítù. Wọ́n ní láti ìgbà tí orúnkún àwọn ti kọṣẹ́, ọwọ́ Nímọ́tà làwọn fi ń tọ́ ọmọ. Wọ́n ní tí àwọn òyìnbó bá tún bi ẹ́, kó o sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹ."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a sin wọ́n lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìbéèrè kejì pé, pálọ̀ kan náà la tún wà. Bọ̀dá Mùfú ní kí n jókòó sórí àga ìyá àwọn. N kò lè ṣe é, mo jókòó sórí ẹní. Obìnrin òyìnbó náà tún bi mí pé tí gìrì bá mú ọmọ, ta ló ń mójú tó o? Orúkọ Alhaja dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo wá ní, "Èmi ni." Ó ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo tún un sọ pé èmi ni, èmi ni mo ń bọ́ aṣọ rẹ̀, tí mo ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tí mo ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́jà, tí mo ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́sí? Mo ní nílé wa, ọmọṣẹ́ kì í gbé ara rẹ̀ ṣáájú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá mi ńkọ́ lónìí? Mo ní wọ́n ti kú. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní pẹ̀lẹ́. Ó wá ń bi mí lọ, mo sì ń dáhùn.

Allahu Akbar! Wọ́n gbà mí! Wọ́n ní mo ṣì máa kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé olùtọ́jú ọmọ ni mí. Rùkáyà lè bá mi lọ. Ọlọ́run, O ṣeun. O ṣeun, O tún ṣeun.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé Rùkáyà wá. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú rẹ̀, iwájú orí, etí, àgbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń há kéwú sórí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìdààmú, tí wọ́n ti da ọ̀rọ̀ yín nù lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ pé ó ti tán. Ẹ padà lọ. Tí ohùn yín bá kéré, ẹ fi ohùn kékeré náà sọ òótọ́, Ọlọ́run á mú un débi tó yẹ. Ó ṣe é fún mi, á ṣe é fún yín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù lọ́rùn mi. Àbúrò ìyá mi máa wá bá wọn gbé, ṣùgbọ́n ọ̀sán á gùn fún wọn. Tí ẹ bá ń gba Bẹyẹrúnkà kọjá, ẹ yà kí wọn. Ẹ dárúkọ ara yín kí ẹ tó jókòó, torí wọn kò ní í mọ̀ yín lójú mọ́.