Òróró Tí Màmá Díákónì Da Sẹ́nu Ẹ̀rọ Mi

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún gbé E ga! Ìyìn ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ìjọ, ẹ ní sùúrù fún mi o, ẹ̀rí yìí ò tíì yé èmi fúnra mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń lọ sóko àwọn ọlọ́sìn ní Ìkòyí-Ilé, tí mò ń fún abo màlúù lóyún láìsí akọ nítòsí. Ẹ foríjì mí, inú ilé Ọlọ́run la wà, ṣùgbọ́n àtọ̀ akọ màlúù ni mò ń tọ́jú sínú agolo ńlá kan nílé. Náítírójìn olómi, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n mú tutù títí tó fi di omi, ló ń jẹ́ kó wà láàyè, ó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Bó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ ti kú nìyẹn, iṣẹ́ mi náà ti kú.

Ẹni tó ń gbé náítírójìn yìí wá fún mi láti Ọ̀yọ́ kó lọ sílùú òyìnbó lójijì. Ha! Mo ní kí n ṣe é fúnra mi. Mo ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù ní Sábó, mo so páìpù bàbà mọ́ ọn, mo fi fóòmù bò ó. Bẹ́ ẹ bá tú afẹ́fẹ́ táyà, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa ń tutù sọ́wọ́? Bí ẹ̀rọ mi ṣe ń ṣe nìyẹn: á fún gáàsì náítírójìn pọ̀, á tú u gba ihò tóóró, á máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí á fi di omi. Ó ń tutù lóòótọ́, kò kàn di omi ni. Agolo mi sì ń gbẹ lọ.

Ni mo bá ké sí Màmá Díákónì kí wọ́n wá bá mi gbàdúrà. Mo ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n lè rọ gáàsì sí i. Mo dijú. Kí n tó ṣe Àmín, Màmá ti da òróró àdúrà sí i lẹ́nu!

Mo ní, "Màmá! Òróró á dì gbagidi nínú páìpù, gáàsì ò ní ráyè kọjá!"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tá a bá ta òróró sí, ọ̀nà ẹ̀ kì í dí."

Inú bí mi o. Mo tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo ṣí fóòmù ni mo rí páìpù tí gáàsì ń gbà jáde: irin ti ha á lára, ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé, gáàsì ti ń jò níbẹ̀. Ìdí tí kò fi di omi nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo sì máa ń gbé ojú sí! Ká ní mo tan án lọ́jọ́ náà, páìpù yẹn ì bá bẹ́ mọ́ mi lójú, ẹlòmíì ni ì bá máa sọ ìtàn mi fún yín.

Mo pààrọ̀ páìpù, mo fọ òróró kúrò, mo tan án. Omi náà ń kán tó, tó, èéfín funfun bò ó! Ohun inú agolo mi kò kú.

Ó rú mi lójú. Ṣé àdúrà ló gbà ni, àbí àṣìṣe Màmá ni Ọlọ́run lò? Ṣé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni, àbí kí n bínú? Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú mi méjèèjì pé, òun ni mo fi ń wò yín yìí. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Màmá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ ó ṣáájú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìgò òróró yẹn sílẹ̀ lórí àga.