Ìpara Etí Ológbò

Ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ara tèmi kò balẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí ọmọ ará ilé bá wúkọ́, n ó fò dìde. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, n kò ní purọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ológbò ìyá mi ni. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Atakpamé, ní Tógò níbí. Ọ̀dọ̀ mi ni màmá ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ológbò yìí sì ni ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, tí kò jẹun mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó ní ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó fún wa ní oògùn oníhóró, ó fi ìpara kan kún un tí a ó máa fi pa inú etí rẹ̀. Ó ní ṣe ló ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí iṣẹ́ ọkàn lè fúyẹ́. "Màdáàmù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Ó ń gba awọ ara wọlé, tènìyàn tẹran." Mo sọ ọ́ fún màmá. Ó ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn ìyá wa. Ta ló ń nu òrí tó kù lọ́wọ́ sára àkísà? Orúnkún ni wọ́n ń fi í ra! Ológbò ti ń mí dáadáa, ó ti ń jẹ ẹja, màmá sì gbà pé ìpara tó wo ọkàn sàn, kí ni orúnkún jẹ́ níwájú rẹ̀? Nígbà tí mo wà lọ́jà, ó fi ìka lásán pa etí ológbò, ó tún tẹ púpọ̀ sọ́wọ́, ó fi ra orúnkún méjèèjì. Mo wọlé bá a níbi tó ti ń kí ìrun alásàárì. Bó ṣe forí kanlẹ̀ tó fẹ́ dìde, ó ṣubú gbì níwájú mi. Ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn. Mo pariwo! Mo rò pé ó ti lọ. Ní ọsibítù, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀, ìpara yẹn ló fà á. Ọlọ́run yọ ọ́.

Nígbà tí a padà délé ló tó sọ èyí tó gba oorun lójú mi: "Mo bù díẹ̀ fún Ìyá Ràfátù. Ohun tó dáa kì í ṣe ti ẹnì kan." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Glei nìyẹn, tó wá kí i láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú. Mo pè é kíákíá. Kò tíì lò ó, àlàmúdù! Ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan jókòó tì í nínú tákísí tó wọ̀ padà, ọmọ tó pọ̀n ń wúkọ́, Ìyá Ràfátù sì kó gbogbo rẹ̀ fún un pé kó fi pa ọmọ náà láyà. Ó ní, "Ṣé àgbà á wà nínú mọ́tò kí orí ọmọ tuntun wọ́?"

Kò mọ orúkọ obìnrin náà. Kí wọ́n tó dé Glei ló ti sọ̀kalẹ̀. Mo ti bi àwọn awakọ̀, mo ti bi àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ológbò náà rèé tó ń sùn lẹ́sẹ̀ mi.

Ìyá ọmọ, níbikíbi tí o bá wà, ọ̀rá dúdú ni wọ́n dì í sí. Jọ̀wọ́, má tú u. Bí o bá sì ti fi pa ọmọ náà, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò láyà rẹ̀, kí o gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n bá mi sọ fún un. Oògùn ológbò ni.